Ìyẹ̀fun Pupa Mounira

Kí òkun ìlú Ksibet tó bàjẹ́, Hamda kì í tukọ̀ jìnnà kí agbọ̀n ẹja rẹ̀ tó kún. Ilé iṣẹ́ tó ń pa sòkòtò jíǹsì láró ló bà á jẹ́. Omi aró ń ṣàn wọ inú òkun tọ̀sán-tòru, títí ẹja fi ń léfòó, ikùn lókè.

Mounira, àbúrò Hamda, ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì ní yunifásítì. Ó po iyọ̀ irin mọ́ sítáàṣì, ó sun ún nínú iléru kékeré tó wà nílé rẹ̀. Sítáàṣì jó tán, ó fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ bí ihò kànìnkànìn. Ohun tó kù jẹ́ ìyẹ̀fun pupa, bí irin tó dógùn-ún. Inú àwọn ihò yẹn ni aró ń há sí.

Ó da omi aró sínú ọ̀pá oníhò tó kún fún ìyẹ̀fun náà níṣojú Hamda. Omi tó jáde mọ́ gaara.

"Ọmọ yìí, àjẹ́ ni ẹ́!" Hamda rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì yọ̀. Tó bá ti mu aró yó, àfi ká dá a padà síná kí aró náà jó dànù. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, á bì í padà."

Taieb, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, gba ìyẹ̀fun náà tọwọ́tẹsẹ̀. Ó pe oníròyìn, ó gbé ife omi mímọ́ sókè kí wọ́n yà á ní fọ́tò. Ṣùgbọ́n iléru tí wọ́n fi ń sun ún ń jẹ gáàsì, Taieb ò sì fẹ́ náwó sí i. Kò pẹ́ tí Mounira fi rí òkìtì ìyẹ̀fun tó ti yó lẹ́yìn ògiri ilé iṣẹ́ náà, létí òkun.

"Ọ̀gá, ẹ kó o kúrò kí òjò tó dé!"

"Dókítà, omi mọ́ àbí kò mọ́? Kí lẹ tún ń fẹ́?"

Mounira lọ fẹjọ́ sun ìjọba. Wọ́n ní kó padà wá. Òjò ò dúró dè wọ́n, ó gbá òkìtì náà wọnú òkun. Ìwọ̀nba ẹja tó ti ń padà bọ̀ kú.

Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà Taieb, nítorí náà ilé Mounira ni àwọn apẹja wọ́ lọ. Hamda ló ṣíwájú, tòun ti òòlù.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi kọ́! Mo kìlọ̀ fún wọn!"

"Ta ló ṣe ìyẹ̀fun náà?"

Hamda fọ́ iléru Mounira túútúú. Ó ń sunkún bó ṣe ń fọ́ ọ.

Nígbà òtútù, Hamda la ọkọ̀ rẹ̀ ṣe igi ìdáná, ó lọ tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ Taieb. Ìdí aró ni wọ́n fi í sí. Lọ́jọ́ Ìtunu Àwẹ̀, Mounira gbé kúskúsì lọ bá a. Ọwọ́ tí Hamda na láti gba abọ́ ti di aró títí dé ìgunpá.

"Ṣé ó ń ta yín?" Mounira béèrè.

"Ó ń yún mi. Jókòó, kí oúnjẹ má tutù."