Díìṣì Tí Ràmọ́tà Fi Ọ̀dà Kùn

Ràmọ́tà tẹ bọ́tìnì rísífà, iná pupa orí rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n ojú tẹlifíṣọ̀n kò gbé nǹkan kan jáde ju èérún funfun tó ń hó yaya bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù. Ó pa á. Ó tún tan án. Ó gbá a lórí bí gbogbo wa ti máa ń ṣe sí ẹ̀rọ tí a kò mọ inú rẹ̀. Òjò náà kò dá.

Ọjọ́ Aráfà ni, lọ́dún 1989, aago kan ọ̀sán ti kọjá. Nínú pálọ̀ ilé Alájì Gbàdàmọ́sí ní Ìmẹ̀pẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Ìyá Mùínátù tó bí Alájì ti jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n láti ìgbà tó ti kírun Àsùbáà, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, síbẹ̀ ó gbààwẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó má gbà á, ó ní àwọn tó ń bẹ òun kò gbọ́n. Alájì fúnra rẹ̀, ọkọ Ràmọ́tà, wà ní Mẹ́kà. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti lọ, wọn kò sì gbúròó rẹ̀. Ìyàwó Adélékè, tí ọkọ rẹ̀ bá Alájì wọ ọkọ̀ òfuurufú kan náà, ti gbọ́ ohùn ọkọ tirẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ràmọ́tà lọ tò síbi tí wọ́n ti ń gba ìpè, pàbó ló já sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára Alájì, oògùn tó gbé lọ kò sì lè ju ogún ọjọ́ lọ.

Kí ó tó lọ ló ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá, nínú pálọ̀ yìí lẹ ó ti máa wò wá ní Aráfà. Agbòjò aláwọ̀ ewé ni n ó gbé dání." Ìyá di ìlérí náà mú ṣinṣin. Láàárọ̀ yìí ló wá búra lé e lórí: "Bí n kò bá fojú ara mi rí Aráfà lónìí, bí oòrùn bá wọ̀, omi kò ní kan ọ̀fun mi." Ìròyìn kò tó àfojúbà, ẹni tí ìròyìn ti pa lẹ́kún rí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù ń ba Ràmọ́tà fún Ìyá, àmọ́ ẹ̀rù mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí kò lè sọ síta. Nígbà tó ní kí àwọn kun ilé de Iléyá bí gbogbo àdúgbò ti ń ṣe, Ìyá kò gbà. Ó ní a kì í kun ilé ẹni tó wà lájò. Nígbà tí ọkọ òun gba ilẹ̀ Hausa kọjá lọ Mẹ́kà láyé ọjọ́un, àwọn àbúrò rẹ̀ fi ẹfun kun ilé dè é. Oṣù méje lẹ́yìn tó kúrò nílé ni ìròyìn dé pé ó ti kú sọ́nà. Ẹfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sára ògiri kò tíì gbẹ. Ilé tí wọ́n kùn láti fi kí i káàbọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe àdúrà fìdáù òkú rẹ̀.

Ràmọ́tà gbọ́, kò sì kun ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó sí lọ́jọ́ Iléyá, ibẹ̀ gan-an sì ni díìṣì ràgàjì tí rísífà fi ń gba àwòrán wà, tí ìgbẹ́ ẹyẹ àti ìpẹtà ti bà jẹ́. Obìnrin mìíràn ìbá fi aṣọ bò ó. Ràmọ́tà rò ó títí, ó ní díìṣì kì í ṣáà ṣe ilé. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, nígbà tí Ìyá ń sùn, ó pe Mọ́rúfù pẹ́ńtà, ó ní kó fi ọ̀dà sílífà kùn ún látòkè délẹ̀ kó máa dán yinrin. Orúnkún tó ń dun Ìyá kì í jẹ́ kó dé ẹ̀yìnkùlé, kò sì mọ nǹkan kan. Àwọn ará ilé kì í sì í tan rísífà. Tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń wò, Alájì nìkan ló máa ń wo ti òkè òkun.

Nísinsìnyí tí àwòrán kọ̀ tí kò jáde, ohun kan ṣoṣo ló ń pariwo lọ́kàn Ràmọ́tà: mo ti fọwọ́ ara mi ra ọ̀dà òkú ọkọ mi.

Aago méjì kọjá díẹ̀ kí Ernest tó dé. Ọmọ Ìbẹ̀fun ni, ó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Fọlágbadé. Àwọn ará Èkó ló wá ri díìṣì náà mọ́lẹ̀, Ernest kò fojú kàn án rí, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà nítòsí tó mọ̀ nípa irú rẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà.

"Màmá, ẹ kú ààwẹ̀ o. Ẹ má fòyà. Bí ẹ̀rọ yìí bá lágídí, ọmọ Ìbẹ̀fun lágídí jù ú lọ."

"Bí ó bá ti di aago márùn-ún tiwa, oòrùn tiwọn ti wọ̀ nìyẹn," Ìyá dá a lóhùn. "Wọn a sì kúrò ní Aráfà. Dákẹ́ ẹnu, kí o ṣiṣẹ́."

Ernest yẹ fíùsì wò, ó dára. Ó yọ wáyà lẹ́yìn rísífà, ó ha ẹnu rẹ̀, ó dá a padà. Òjò ṣì ń rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó tú ìdérí rísífà, ó fi tẹ́sítà tọ inú rẹ̀ kiri, ó mi orí, ó dé e padà. Ó ní wáyà láti ẹ̀yìnkùlé lè ti já, ó sì tọ̀ ọ́ láti ojú fèrèsé dé ìdí díìṣì. Kò já. Ràmọ́tà ń tẹ̀ lé e káàkiri.

Ernest wo díìṣì tí oòrùn ń tàn lé lórí. "Ẹ̀rọ Alájì mà ń dán o! Mọ̀mí, ṣé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láìpẹ́ yìí?"

"Ta ni yóò fọwọ́ kàn án?" Ràmọ́tà dá a lóhùn kíákíá.

"Kò sẹ́ni tó gùn ún? Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́?"

"Mo ní kò sí."

Ernest gun àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí díìṣì díẹ̀díẹ̀, Ràmọ́tà á sáré wọlé lọ wo ojú tẹlifíṣọ̀n, á sáré jáde wá sọ pé kò tíì rí nǹkan kan. Gbogbo ìgbà tó bá wọlé ni ojú òun àti ti Ìyá ń pàdé. Ètè Ìyá ti gbẹ. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú, Ernest sọ̀ kalẹ̀, ó nu òógùn, ó sì wọlé wá.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Orí kékeré tí irin mẹ́ta gbé dúró níwájú díìṣì, òun ló ń gba àwòrán, ó sì dà bíi pé ó ti kú. Èkó la ti máa rí òmíràn rà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ìyá kó tẹ̀súbáà jọ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì di ojú rẹ̀. Ràmọ́tà wò ó, ó rí i bí ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín tó. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n dídákẹ́ ti Ràmọ́tà yìí, ẹ̀mí ẹlòmíràn ló fẹ́ bá a lọ.

"Ernest," Ràmọ́tà ní, "ṣé ọ̀dà lè ṣe é ní nǹkan?"

"Ọ̀dà wo, Mọ̀mí?"

"Ọ̀dà sílífà. Èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún. Àti orí kékeré náà, àtojú àtẹ̀yìn."

Ernest lu iwájú orí ara rẹ̀. "Ẹ̀! Irin lẹ́búlẹ́bú ló wà nínú ọ̀dà yẹn! Ẹ ti fi irin dí i lójú, báwo ni yóò ṣe ríran?"

Ràmọ́tà kò gbọ́ ìyókù. Ó ti kúnlẹ̀ síwájú Ìyá, ẹkún sì ti gbọ̀nà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyá, ẹ dárí jì mí. Mo kun nǹkan Alájì nígbà tí wọn kò sí nílé. Bí nǹkan bá ti ṣe wọ́n, èmi ni mo fà á."

Ìyá la ojú. Tẹ̀súbáà kò rìn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Aago mélòó ló lù?" ó bi Ernest.

"Mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá."

"Ẹ lọ ha á."

Ràmọ́tà fúnra rẹ̀ gun àga. Ernest ń da epo òyìnbó sára àkísà, Ràmọ́tà ń fi ọ̀bẹ ìdáná ha ìdérí ojú orí kékeré náà, ọ̀dà ń bọ́ sí i lára, ó ń wọ̀ ọ́ léèékánná. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: kò jẹ́ kí ọ̀bẹ la ìdérí náà sí méjì. Nígbà tó mọ́, Ernest tún díìṣì yí sí ìlà-oòrùn, ó ń yí i, ó ń yí i. Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni Ìyá kígbe láti inú ilé.

Ràmọ́tà sáré wọlé. Àwòrán náà ń wá, ó ń lọ, lẹ́yìn náà ó dúró. Ohùn Lárúbáwá gba pálọ̀ kan. Èèyàn bí iyanrìn, funfun báláú, lábẹ́ òkè kan. Agbòjò aláwọ̀ ewé níhìn-ín, agbòjò aláwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, wọn kò níye.

"Màmá, ẹ wò wọ́n!" Ernest ní. "Ó dájú pé Alájì wà níbẹ̀!"

"Má tàn mí," Ìyá ní. "N kò rí i."

Ó tẹ orí síwájú, ó ń wo àwọn arúgbó, àwọn ọ̀dọ́, gbogbo àwọn tí wọ́n ró aṣọ funfun tí abẹ́rẹ́ kò kàn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, Ìjẹ̀bú rẹ̀ ti wọ inú ohùn.

"Dede wọn, gbogbo wọn pátá, aṣọ òkú ló wà lọ́rùn wọn yìí. Wọ́n fọwọ́ ara wọn wọ̀ ọ́, wọ́n sì ń rìn." Ó yíjú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Kí wá ni ọ̀dà fẹ́ ṣe fún ọmọ mi?"

Ràmọ́tà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé.

"Ǹjẹ́ ọ̀dà yẹn ṣẹ́ kù?"

"Ó ṣẹ́ kù, Ìyá."

"Bí Iléyá bá ti kọjá, pe pẹ́ńtà rẹ. Kó kun ilé yìí, níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ̀ là ń kun ilé dè." Ó nawọ́, ó fi àtàǹpàkò nu ọ̀dà kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ Ràmọ́tà. "Dìde, lọ rin ewùrà. Ìkọ́kọrẹ́ ni n ó fi ṣínu."