Bá Mi Fọ̀ Ọ́

Ojú fóònù náà funfun báláú, ó kọ "Welcome" bíi fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Láàárín funfun yẹn ni Benedict, tó ń tún fóònù ṣe, ti rí orí ènìyàn. Òjìji ni: fìlà, etí kan, èjìká méjì. Ó fi aṣọ nù ún. Kò kúrò.

"Ìyá Sheriff, fọ́tò wo ló máa ń wà lójú fóònù yìí?"

"Fọ́tò wo ni ì bá tún wà ńbẹ̀?" Ìyá náà jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. "Láti ọjọ́ tí Sheriff ti gun ọ̀kadà lọ sí Aládé tí kò padà, mi ò jẹ́ kí fóònù yìí kú. Ẹnu ìsọ̀ mi ló ń tàn sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bóyá ẹnì kan á dá a mọ̀. Ṣé àbàwọ́n ojú ẹ̀ ti lọ?"

Ọwọ́ Benedict dúró. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹni tó bá ní kí ó fọ fóònù, ohun inú rẹ̀ ló fẹ́ kí ó pa rẹ́. Bátìrì ti kú lójú ọ̀nà kí ìyá tó gbé e dé láàárọ̀, ó ní: "Bá mi fọ̀ ọ́." "Gbogbo ẹ̀, mà?" "Kó mọ́ tónítóní!" Ó sì ti fọ̀ ọ́.

"Mo ti fọ inú ẹ̀, mà. Fọ́tò náà ti lọ. Ṣé ẹ ní òmíràn?"

"Ìyẹn nìkan ni Sheriff jẹ́ kí wọ́n ya òun. Ìwọ Benedict, inú ni mo ní kí o fọ̀? Wò ó, ṣebí òun nìyí." Ó nawọ́ sí òjìji náà.

Benedict mọ ohun tí òjìji náà jẹ́. Iná tíntìntín ló kún irú ojú fóònù bẹ́ẹ̀, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, wọ́n sì ń gbó bí wọ́n ṣe ń tàn. Irin kan tí wọ́n ń pè ní irídíọ̀mù wà nínú èlò pupa àti ti àwọ̀ ewé. Òun ni kì í jẹ́ kí agbára wọn ṣòfò. Búlúù kò ní in, òun ló ń yára gbó. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù nínú fọ́tò ló gbó jù. Fìlà funfun ló wá di dúdú yìí.

Bí ó bá dá dúdú padà sí funfun ńkọ́? Ó fi fóònù tirẹ̀ ya òjìji náà, ó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó tún un ṣe títí ọ̀sán fi pọ́n. Fìlà funfun jáde. Etí jáde, àti àgbọ̀n. Ojú kò jáde, imú kò jáde.

Ìyá Sheriff gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́.

"Benedict, ojoojúmọ́ lo máa ń yà kí mi níwájú ìsọ̀. Ṣé bí etí ẹ̀ ṣe rí nìyí?"

Benedict wá etí náà lọ́kàn, ó wá ojú, ó wá imú. Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọjà mà: ohun tó rí kò ju ìyẹn lọ. Láti ọdún méjì tó ti ń kọjá níwájú ìsọ̀ náà, kò wo fọ́tò náà rí.