Òkú Tó Dúró Lórí Ìlà

Èmi ni wọ́n ń pè ní Òǹkọ̀wé nílé wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí bàbá wa sọ mí lórúkọ yẹn, nítorí pé mo kọ ìtàn ewúrẹ́ kan tó ya wèrè sẹ́yìn kàlẹ́ńdà, mo sì kà á fún àlejò. Láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti pe orúkọ mi gan-an mọ́. Òǹkọ̀wé, wá gbálẹ̀. Òǹkọ̀wé, wá fọ abọ́. Mo gbálẹ̀ púpọ̀ pẹ̀lú orúkọ yẹn. Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ ìwé kan lóòótọ́, ìtàn ìfẹ́ tó nípọn dáadáa. Ilé iṣẹ́ mẹ́rin tó ń gbé ìwé jáde ló dá a padà fún mi. Ìkarùn-ún kò tilẹ̀ dá a padà.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Àbúrò mi obìnrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí mo fi ọdún mẹ́fà jù lọ, tí mo sì pọ̀n dàgbà. Kékeré là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ga jù mí lọ. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi sanra dáadáa, bóyá ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura sí mi.

Ọ́fíìsì omi ni Kékeré ti ń ṣiṣẹ́. Bí omi kò bá yọ ní ilé ẹnì kan, ẹni náà á kọ lẹ́tà, Kékeré ni yóò sì fèsì. Èsì ọ̀hún kò ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: "A ti rí lẹ́tà yín, a ó sì bójú tó o." Orúkọ nìkan ló máa ń fi kún un. Bàbá arúgbó kan kọ lẹ́tà mọ́kànlélógójì, ó sì gba èsì kan náà ní ìgbà mọ́kànlélógójì. Nínú lẹ́tà tó kọ tẹ̀lé e, kò fẹjọ́ sùn mọ́. Ó kàn dúpẹ́ pé ẹnì kan ń dá òun lóhùn. Kékeré ní òun kò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó yí lẹ́tà náà padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn sẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó ń kọ kì í ṣe ìtàn ìfẹ́. Ìlú kan ni, ní igba ọdún sí àsìkò tí a wà yìí, níbi tí òjò ti jáwọ́ pátápátá. Ẹ̀rọ kan ló ń pín omi. Bí o bá wúlò fún ìlú, ife mẹ́ta. Bí o kò bá wúlò tó bẹ́ẹ̀, ife kan. Àwọn èèyàn á tò sórí ìlà láti àárọ̀, ẹ̀rọ á máa pe nọ́ńbà, kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Kò sí ọba níbẹ̀, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ẹni tí èèyàn lè dúró níwájú rẹ̀ kó bú. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, mo bi í pé ta ló fẹ́ ka ìyà ọjọ́ iwájú nígbà tí ti òní kò tíì tán. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo sọ. Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbé ìwé jáde kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ránṣẹ́ sí i, ilé iṣẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Inú mi dùn. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi dùn.

Ìgbà mẹ́fà ló tún ìwé náà kọ látòkèdélẹ̀. Á kọ ọ́ láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, á tún kọ ọ́ lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá jáde lọ jẹun. Ó máa ń wá kà á fún mi lọ́jọ́ Sátidé nínú yàrá mi, á gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí mi bí ẹni pé òun ló rà á. Èmi á máa sọ pé ó dáa, ó dáa. Ó sì dáa lóòótọ́, ìṣòro ibẹ̀ nìyẹn. Ká ní ó burú ni, èmi ni ǹ bá kọ́kọ́ gbá a mọ́ra.

Ní ọdún karùn-ún tó ti ń kọ ọ́, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní àwọn máa gbé ìwé náà jáde. Kékeré sáré wọlé wá sọ fún wa. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ní, "Òǹkọ̀wé mi." Mo dáhùn. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń pè.

Bí ayé bá fẹ́ fi ẹnì kan ṣẹ̀sín, kì í ṣe é ní ìlàjì. Ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni pé kí n ka ìwé gbẹ̀yìn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ìwé ìlò fíríìjì ni o, ìwé ìṣirò ni o, káàdì ìgbéyàwó ni o, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ojú mi kọjá. Mo ń fi pẹ́ńsù sàmì sí àṣìṣe. Bí ojú ìwé bá sì ti dáa, mo ń fi bírò fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, láìsí ìyẹn, ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ yí. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé ojú mi mú ju ti àṣá lọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo ní láyé tí ẹnikẹ́ni kò bá mi dù nìyẹn. Kékeré wá bá ọ̀gá fúnra rẹ̀, ó ní bí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n òun ló ka ìwé náà, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.

Mo kà á fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní orí kẹrin, bàbá arúgbó kan tó ń tún mítà omi ṣe kú nítorí òùngbẹ. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì gbọn eérú rẹ̀ dànù. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún síbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo dé orí kọkàndínlógún, bàbá kan náà ló dúró lórí ìlà omi pẹ̀lú fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, tó ń bi obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ pé, "Ṣé wọ́n ti pe nọ́ńbà mi?" Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìtàn sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀dà ìwé náà tí Kékeré kọ tẹ́lẹ̀, bàbá náà kò kú. Ó ti wá pa á lápá kan, ó gbàgbé rẹ̀ lápá kejì.

Mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Ó ti kú ní orí kẹrin." Lẹ́yìn náà ni mo jókòó tí mo ń wo ohun tí mo kọ. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó máa kà á, mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọmọ yìí gbìyànjú, àmọ́ kò tíì gbọ́n tó. Ó dùn mọ́ mi létí. Mo mú ìrésà, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, mo sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà.  Mo ṣí ojú ìwé tó tẹ̀lé e.

Ìwé jáde, mo ń retí. Oṣù kan kọjá, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó di oṣù kejì, olùkọ́ kan kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn, odindi ojú ìwé kan, lórí bàbá yẹn nìkan. Ó ní òun kò tíì rí ohun tó bani lẹ́rù tó báyìí rí: ìlú tí ikú pàápàá kò lè yọ èèyàn kúrò lórí ìlà. Ó ní ẹ̀rọ kò mọ̀ pé bàbá náà ti kú, bàbá náà sì ti wà lórí ìlà pẹ́ débi pé òun alára kò mọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn èèyàn ti ń ra ìwé ọ̀hún bí ẹni ń ra búrẹ́dì. Mo wà ní báńkì lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tó wà níwájú mi lórí ìlà yíjú padà, ó ní, "Ṣé wọ́n ti pe nọ́ńbà mi?" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí n gbá a létí.

Kòtò tí mo gbẹ́ de Kékeré ló sun omi. N kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni n kò lè dákẹ́ kó má dùn mí.

Ní oṣù kẹfà, ilé ìkàwé pè é kó wá bá àwọn òǹkàwé sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èmi àti Màmá jókòó níwájú. Ọ̀dọ́bìnrin kan dìde, ó ní ìgbà wo ló pinnu pé òkú náà máa padà wá. Kékeré mu omi díẹ̀, ó wá wo ibi tí mo wà.

"Mi ò pinnu ẹ̀," ló sọ. "Àṣìṣe ni. Mo gbàgbé pé mo ti pa bàbá yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ka ìwé náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n rí i, wọ́n sàmì sí i, wọ́n wá pa àmì náà rẹ́. Ká ní wọ́n sọ fún mi ni, ǹ bá yọ ọ́ kíá. Àwọn ló ni ibẹ̀ yẹn, kì í ṣe èmi."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Màmá dìde dúró, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí pé òǹkọ̀wé méjì ni àwọn bí. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí pé báwo ló ṣe mọ̀ nípa àmì yẹn, àmọ́ ìyìn dùn, kò pẹ́ tó fi gbé ẹ̀rù náà lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá òótọ́ ni. Bóyá ojú mi ti rí i pé ó dáa bẹ́ẹ̀, tí inú mi kò sì mọ̀. Kí ìpàtẹ́wọ́ náà tó tán, mo ti ń bi ara mi pé bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ibẹ̀ yẹn, kí ló dé tí orúkọ mi kò sí lára ìwé.

Níta, Màmá ti wọ takisí. Kékeré fà mí lọ́wọ́ sẹ́yìn díẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìloro ilé ìkàwé. Ó ní nígbà tí òun ka ìwé ìròyìn yẹn lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe, ó sì yà òun lẹ́nu pé ó kọjá lójú mi. Ó lọ sílé ìtẹ̀wé, ó ní kí ọ̀gá jẹ́ kí òun rí ojú ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ó gbé e sójú wíńdò. Ìrésà ti kó dúdú pẹ́ńsù lọ, àmọ́ ojú ibi tí mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ṣì wà lára ìwé.

"'Ó ti kú ní orí kẹrin,'" ló sọ. "Ẹ mọ̀ pé àṣìṣe ni, Àǹtí mi."

Mo ya ẹnu láti sọ fún un pé mo rí i pé ó sàn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi bò mí láṣìírí nínú ilé ìkàwé ni mo fẹ́ kó padà fún un.

"Ẹ má dá mi lóhùn," ló sọ. "Ohun tí mo sọ nínú ilé yẹn, nítorí Màmá ni."

Kò pariwo, kò sì sunkún. Ó bá mi gbọn eruku kúrò lára apá aṣọ mi. Ó wá sọ fún mi pé òun ti kọ ìwé kejì tán láti oṣù tó kọjá. N kò mọ̀ pé ó tún ń kọ nǹkan kan. Ó ti pẹ́ tó ti wá sí yàrá mi lọ́jọ́ Sátidé gbẹ̀yìn, iṣẹ́ ni mo rò pé ó pọ̀ fún un.

"Ẹlòmíì ló ń bá mi kà á báyìí," ló sọ.

Mo bi í pé ta ni. Ó ní n kò mọ ẹni náà, ó sì lọ jókòó ti Màmá nínú takisí.

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Títí a fi délé, ẹ̀bẹ̀ wà lẹ́nu mi, Màmá sì ń sọ̀rọ̀ láìsinmi. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ náà ni mo ń rò. Mo ń rò ó pé ṣé ọkùnrin ni ẹni náà ni àbí obìnrin, àti pé bí Kékeré bá kàwé fún un, ṣé ó máa ń sọ òótọ́ fún un. Oṣù mẹ́jọ rèé, n kò tíì mọ orúkọ rẹ̀, mo sì ń jowú rẹ̀ lójoojúmọ́.