Ẹni Keje Tí Mo Fọ̀rọ̀ Wá Lẹ́nu Wò

3.

…nítorí náà kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n mí.

(Mo ti fa abala kìíní àti ìkejì ya. Àwáwí ló kún inú wọn.)

4. OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ MỌ̀

Orúkọ mi: Ṣìkẹ́mi Oyèbọ̀dé, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́.
Ọdún: 1984. Ọdún tó yẹ kí n gba dìgírì nínú ẹ̀kọ́ ìtàn.
Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá mi: òwò obì ní ilẹ̀ Rẹ́mọ.
Ẹni tó bá mi kọ ọ́: Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, onítáípù ní Ṣàgámù. Ó ń kọ fún ọ̀pọ̀ wa. A kì í sọ ọ́ síta.
Ìdí: àìráyè.

Irọ́ ni. Ọ̀lẹ ni.

5. LÁRA ILẸ̀KÙN ṢỌ́Ọ̀BÙ RẸ̀

A Ń FI Ẹ̀RỌ TẸ̀WÉ
LẸ́TÀ – ÌWÉ ÌPÈ – IṢẸ́ ÌWÁDÌÍ
MÚ ORÚKỌ RẸ WÁ. ÌYÓKÙ DỌWỌ́ WA.

6. OJÚ EWÉ 71 NÍNÚ IṢẸ́ “MI”

Àwọn tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò:

5. Àlájì Yúnúsà Fàtáì, 66, oníṣòwò obì, Ṣàgámù. 9/3/84
6. Ìyáàfin Modúpẹ́ Lásúnkànmí, 58, oníṣòwò obì, Ìpẹ̀rú. 12/3/84
7. Ìyá Àgbà Àbẹ̀bí Oyèbọ̀dé, 83, oníṣòwò obì, Akaka. 14/3/84

7.

Ìyá bàbá mi ni ẹni keje.

A sin wọ́n ní oṣù kẹwàá, 1981. Mo wà lára àwọn tó da erùpẹ̀ sí sàárè wọn.

8. OJÚ EWÉ 43

“Bí mo bá ta obì tán, mo máa ń fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú agbọ̀n, màá fi ewé bò ó. Agbọ̀n kì í sùn lófo. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àfi ọmọ ọmọ mi kan. Ó ní òun ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn. Kò bi mí ní nǹkan kan rí.”

Èmi ni ọmọ ọmọ yẹn.

9. NÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ, Ọ̀SÁN SÁTIDÉ

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí ẹni keje?
ILÉSANMÍ: Ṣé ìwọ kọ́ lo rán wọn sí mi ni?
ÈMI: Mi ò rán ẹnikẹ́ni.
ILÉSANMÍ: Màmá yẹn fẹsẹ̀ ara wọn wá, lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Orí àga tó o jókòó sí yìí ni wọ́n jókòó sí. Àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́, ká sòótọ́, mo hùmọ̀ wọn ni. Tiwọn nìkan ni mi ò hùmọ̀.
ÈMI: (Mo dìde lórí àga.)
ILÉSANMÍ: Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bí àwọn ṣe wí i gẹ́lẹ́. Wọ́n ní o máa kà á, ara rẹ á sì bù máṣọ.

10. ÌWÉ PÉLÉBÉ LÁTI Ọ́FÍÌSÌ ALÁBÒÓJÚTÓ IṢẸ́ MI

Ṣìkẹ́mi,
Ojú ewé 43 dára púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, n kò ka irú rẹ̀ rí. Mú mi lọ bá màmá yìí ní Ọjọ́bọ̀.
Dókítà Owólabí

11. IRỌ́ TÍ MO LÈ PA

– Wọ́n ti lọ sí Èkó.
– Ara wọn kò yá.
– Wọ́n ti kú. (Òótọ́ nìyí. Òun ló máa dún bí irọ́ jù.)

12.

Ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá lé mi ní yunifásítì, gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ á gbọ́. Tíṣà ni bàbá mi. Ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń na ọmọ ọlọ́mọ tó bá jí ìwé wò.

13. LẸ́TÀ

Dókítà, sà,
Ẹ jọ̀ọ́, n kò fọwọ́ mi kọ ìlà kan nínú ìwé yẹn. Onítáípù ló kọ ọ́. Ìyá bàbá mi ni ẹni keje, wọ́n sì ti kú. Mo mọ̀ pé ẹ lè fi dìgírì dù mí. Ojú ń tì mí gan-an.
Ṣìkẹ́mi

14. ÈSÌ

Ṣìkẹ́mi,
Mo ti fagi lé ìwé yẹn. Òdo lo gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ rìn, kí o fọwọ́ ara rẹ kọ òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ ikú tí o sọ yẹn ni kò yé mi. Kí lẹ́tà rẹ tó dé, mo ti dá lọ sí Akaka. Màmá gbà mí lálejò dáadáa. Wọ́n ní ìwọ gan-an ni àwọn ń retí.

15.

Akaka. Aago mẹ́wàá àárọ̀. Ilé Ìyá Àgbà, tí a ti tì pa láti 1981.

Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

16. ÌWÉ ÌBÉÈRÈ MI (ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́)

Ìbéèrè kìíní: Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín?

Ìdáhùn: