Ibo Ni Táǹkì Máa Jókòó?

Ilé alájà márùn-ún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọgọ́ta, kò sì sí ibi tí táǹkì omi kan ṣoṣo máa jókòó sí. Ohun tó ń bí Oyèbísí nínú nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ paipu ilé náà fún un ní yunifásítì kan lọ́nà Kuje.

Ọ̀gbẹ́ni Adégbọlá ló ya àwòrán ilé náà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Life Camp. Ó fẹ́ kí òrùlé rẹ̀ rí bíi lékeléke tó na ìyẹ́ méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí Oyèbísí bá bi í léèrè omi, ọ̀rọ̀ dídùn ló máa fi dá a lóhùn.

"Ìyá Púlọ́ńbà, òfuurufú ni ilé yìí ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ wá fẹ́ kí n gbé ike dúdú lé e lórí?"

"Ṣé òfuurufú ló máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Pọ́ǹpù máa ti omi gòkè."

"Tí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́?"

"Jẹnẹrétọ̀ wà."

Jẹnẹrétọ̀! Kúnbi, àbúrò Oyèbísí, ló ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ilé àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Pọ́ǹpù àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbójú lé níbẹ̀ náà, dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu kì í sì í sí. Orí ni Kúnbi fi ń ru omi lọ sí àjà kẹta. Lóṣù kẹta ọdún yìí, ó yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́fà. Oyún náà bàjẹ́. Wọ́n sì ti sọ fún un pé ilé tuntun alájà márùn-ún yìí ni yóò máa fọ̀.

Irin mẹ́rin yọ sókè lórí ògiri tó yí àtẹ̀gùn ká, tí wọ́n lè so ìjókòó táǹkì mọ́. Enjiníà Akínjídé ti sọ fún Oyèbísí ní kọ̀rọ̀ pé ògiri náà lè gbé táǹkì, pé òun ti ṣírò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé irin náà, tí wọ́n da kọ́nkéré bò ó, ó parí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọ́nkéré, Adégbọlá ní kí wọ́n gé e. Oyèbísí gun orí òrùlé, ó dúró sáàárín irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó di ọ̀kan mú.

"Ẹ kúrò níbẹ̀!"

"Mi ò kúrò."

Nísàlẹ̀, dírẹ́bà ọkọ̀ kọ́nkéré ń pariwo: "Kai! Madam! Kọ́nkéré mi ń le o!"

"Ẹ ò kàwé," Adégbọlá wí. "Báwo lẹ ṣe máa mọ ohun tí ilé yìí ń sọ?"

"Ilé ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ ń sọ ọ́. Ọjọ́ wo lẹ ru omi gòkè rí?"

Adégbọlá fi í rẹ́rìn-ín. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó bá a rín in. Oyèbísí kọjú sí Akínjídé, tó ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Enjiníà, ohun tẹ́ ẹ sọ fún mi ní kọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ síbí."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ má bẹ̀ mí! Ṣé ògiri yìí lè gbé táǹkì àbí kò lè gbé e?"

Dírẹ́bà fun fèrè. Akínjídé gbé ojú sókè.

"Ó lè gbé e, ọ̀gá. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí yín lóṣù kejì. Ẹ ò dáhùn."

Ojú Adégbọlá pọ́n. "Àtàndá, gé irin yẹn!"

Àtàndá tó ń ṣiṣẹ́ irin ti ń ki ayùn rẹ̀ bọ inú àpò. "Ọ̀gá, ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó wá gé e fúnra rẹ̀."

Adégbọlá na ìka sí Oyèbísí. "Iṣẹ́ yín tán níbí lónìí. Ẹlòmíràn ló máa ṣe paipu yìí."

"Mo gbọ́. Ẹ da kọ́nkéré."

Wọ́n dà á. Irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọrí jáde nínú rẹ̀. Adégbọlá wọ mọ́tò, ó lọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì ní kí Oyèbísí máa bọ̀ nísàlẹ̀. Lórí pákó ló jókòó sí nínú oòrùn, tó ń ṣọ́ irin náà kí ẹnikẹ́ni má baà gé e, títí ó fi tẹ kọ́nkéré náà pẹ̀lú àtàǹpàkò tí kò rì wọlé mọ́. Ìgbà náà ló sọ̀ kalẹ̀, tó lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀.