Adájọ́ Ní Kí N Fi Hàn Pé Orí Mi Pé

Bísí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwádìí tí ò ń ṣe lórí wèrè àti òfin ti kó bá mi. Lóru àná, mo lá àlá pé mo wà ní kóòtù. Adájọ́ bi mí pé, "Bàbá, ṣé orí yín pé?"

"Ó pé, Olúwa mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń wí. Ẹ fi hàn wá."

Ìyàwó mi wá jẹ́rìí: "Ó máa ń bá adìyẹ jà, á sì tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn." Òótọ́ ni! Ni ọlọ́pàá bá gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dé, kóòtù sì di yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn.

Mo ta jí. Èmi ọkùnrin mẹ́ta, mo ń gbọ̀n! Ìwọ tó ń kàwé, jọ̀ọ́, kí lẹni tórí rẹ̀ pé máa ń sọ tí wọ́n fi ń gbà á gbọ́?