Àwọn Tó Ti Wà Níbẹ̀ Tẹ́lẹ̀

Nígbà tí Qasim fi máa sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó fáìlì ilẹ̀ sí, òógùn ti mú kí lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ. Ọ́fíìsì kẹta rèé láti àárọ̀. Àkọ́kọ́ ní kó lọ sí èkejì. Èkejì ní ọ̀gá ò tí ì dé. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun.

Ìwé kan péré ló ń wá. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé alájà kan tí bàbá rẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, níbi tí Qasim ti ń ta kìtáàbù àti wàláà fún àwọn ọmọ ilé kéú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n fẹ́ wó o kí títì lè fẹ̀. Nínú lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà náà ní bí ó bá mú ìwé àṣẹ ìkọ́lé wá kí aago méjì ọ̀sán òní tó lù, àwọn ò ní fọwọ́ kàn án títí àwọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ilé ìtajà mẹ́rin ti lọ lójú títì náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn èèyàn ń gba orí òkúta wọn kọjá, kò sẹ́ni tó tún ń dárúkọ àwọn tó ni wọ́n. Ìyẹn gan-an ló ń dun Qasim jù.

Rasheedah, obìnrin tó wà nídìí fáìlì, ò lé e. Ó gbọ́ àròyé rẹ̀ tán, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ti pe ìrun Àílà ọ̀sán kó tó gbé fáìlì eléruku kan jáde.

"Ẹ wò ó, Alfa. Ọdún 1974."

Ìwé àṣẹ náà rèé, pẹ̀lú ọwọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sí i. Àyà Qasim fúyẹ́. Ó ṣí ojú ìwé kejì, ó sì bá ẹ̀bẹ̀ kan tí wọ́n fọwọ́ kọ. Àwọn oníṣẹ́ awọ mọ́kànlá, tí wọ́n ń rán bàtà àti gàárì ẹṣin, ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn wà ní ìrun Jímọ̀ lọ́wọ́ ni ìjọba wó àtíbàbà àwọn, kí wọ́n lè fún olówó kan ní ilẹ̀ náà. Orúkọ wọn àti àmì àtàńpàkò wọn tò sísàlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé igbó ni òun bá níbẹ̀.

"Ṣé kí n ṣe fọ́tòkọ́pì ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan?" Rasheedah bi í. "Òun nìkan ni wọ́n máa béèrè."

Qasim tún wo àwọn àmì àtàńpàkò náà.

"Ẹ ṣe gbogbo ẹ̀."

Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ló dé ojú títì. Apá ọ̀tún ilé náà ti wó lulẹ̀. Ó sáré lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wa katapílà, ó na ìwé sí i. Ìyẹn pa ẹ̀rọ, ó kà á tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Ó ní ọ̀gá pe àwọn pé kí àwọn bẹ̀rẹ̀ láago kan, nítorí òjò, pé òun ò láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró, pé kí bàbá má bínú.

Qasim wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí ẹni tí ì bá bá a pariwo mọ́. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Rahama, ìyàwó rẹ̀, ti kó àwọn páálí kìtáàbù jáde sí òdìkejì títì. Qasim jókòó lé ọ̀kan. Nígbà tí àjà ilé já, kò gbójú sókè. Ojú ìwé kejì ló ń kà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: Àmínù, Yísà, Ádámù.

"Àwọn wo nìyẹn?" Rahama béèrè.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé Qasim pé ní gbogbo Ìlọrin, ó ṣeé ṣe kó má sí ẹlòmíràn tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn mọ́, àfi òun, ọmọ ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn.